Ayé Méjì, Fèrè Kan: Ohun Tó Kọsẹ̀ Nínú Eré "The King: Eternal Monarch"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, eré Kòríà tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí ni The King: Eternal Monarch, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n SBS gbé jáde láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ọdún 2020, ní apá 16. Kim Eun-sook, tí eré Goblin àti Mr. Sunshine ti sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká, ló kọ ọ́. Lee Min-ho àti Kim Go-eun sì ni olú òṣèré inú rẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn náà kò lábùkù; ọwọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ló pa á lára.

Gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀. Nínú Samguk Yusa, ìwé ìtàn Kòríà ti ọ̀rúndún kẹtàlá, a kà nípa ọparun kan tó máa ń jẹ́ méjì lọ́sàn-án, tó sì máa ń di ọ̀kan lóru. Ọba Sinmun ti Silla, ìjọba àtijọ́ kan ní Kòríà, fi í ṣe fèrè. Bí wọ́n bá fọn ọ́n, ọ̀tá a sá, àrùn a lọ, òjò a rọ̀ lásìkò ọ̀dá, ìgbì òkun a sì rọlẹ̀. Òǹkọ̀wé wa gé fèrè yìí sí méjì, ó sì fi í ṣe kọ́kọ́rọ́ ayé méjì: Kòríà tí gbogbo wa mọ̀, àti Kòríà mìíràn tí ọba ṣì ń jẹ níbẹ̀, tí ààfin rẹ̀ sì wà ní Busan. Ní 1994, Lee Lim pa ọba tó jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀ nítorí fèrè náà. Àjèjì kan ló yọ Lee Gon, ọmọ ọba, lọ́wọ́ ikú, káàdì ìdánimọ̀ ọlọ́pàábìnrin kan sì bọ́ sílẹ̀ lára àjèjì náà. Déètì ara káàdì yẹn jẹ́ ti 2019. Ta ni kò ní fẹ́ mọ ìyókù?

Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lee Lim ń pa àwọn ènìyàn inú ayé kan, ó sì ń fi ẹnìkejì wọn, ẹni tí ojú rẹ̀ jọ tiwọn láti inú ayé kejì, rọ́pò wọn. Ọ̀rọ̀ tó ń bani lẹ́rù gidigidi ni, ṣùgbọ́n eré náà ń fò láti ayé kan sí èkejì láìsí àmì tí òǹwòran lè dì mú, tó fi jẹ́ pé nígbà tó yẹ kí ẹ̀rù bà wá, à ń bèèrè ibi tí a wà. Òfin tó ń dá àkókò dúró nígbà tí fèrè bá kọjá ẹnu ọ̀nà tó so ayé méjèèjì pọ̀ pẹ́ kó tó yé wa.

Ìfẹ́ Lee Gon àti Jeong Tae-eul, ọlọ́pàábìnrin orí káàdì náà, kò gbó. Lee Gon ti ń wo àwòrán Jeong Tae-eul lórí káàdì fún ọdún 25. Tae-eul kò mọ̀ ọ́n rí, síbẹ̀ wọn kò fún un láyè kí ọkàn rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mí pé ọlọ́pàá tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ wá di ẹni tó ń dúró de ọba.

Ní ti ìpolówó ọjà, òfin Kòríà ti fàyè gbà á nínú eré láti 2010, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n gba owó. Ṣùgbọ́n kí ọba máa ṣàlàyé adùn kọfí inú ìgò, bó ṣe rí lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ mu ún àti nígbà tí a gbé e mì tán, nígbà tí ìjọba rẹ̀ wà nínú ewu, ìyẹn ti kọjá ààlà. Iye àwọn tó ń wò ó ní Kòríà, tó lé ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀, ti wálẹ̀ sí bíi ìdá 8 nígbà tó parí.

Ẹ wá wo Woo Do-hwan, tó ṣe Jo Yeong, olórí ẹ̀ṣọ́ ọba tí ojú rẹ̀ le koko, tó sì tún ṣe Eun-seop, ẹnìkejì Jo Yeong ní Kòríà tiwa, tó lẹ́nu, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn méjèèjì pààrọ̀ ayé, tí Eun-seop wọ aṣọ Jo Yeong ní ààfin, a mọ̀ ọ́n láti èjìká rẹ̀ tí kò lè dúró gbọnrangandan. Nítorí pé a mọ ẹni tó wà níbi kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìwò ojú nítumọ̀, ẹ̀rín àti ìbẹ̀rù sì ń bọ̀ pọ̀. Irú ìtọ́jú yìí ni òǹkọ̀wé kò fún Lee Lim àti àwọn tó fi rọ́pò ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ọ̀pá tó gbé ìtàn náà ró.