Ibi Tí Òbí Dúró Sí Wo Imú Ọmọ

Ẹ káàsán o. Kí n tó la ẹnu lọ jìnnà, ẹ bá mi wo imú ẹni tó jókòó tì yín. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ta ló dọ̀bálẹ̀ kó tó wò ó? (Wọ́n rẹ́rìn-ín.) Kò sí. Ojúkojú la fi ń wo ara wa, orí ìyẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dúró lé.

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tó là ní ẹ̀gbẹ́ kan, ètè nìkan kọ́ ló ní ọ̀ràn. Iṣan tó yẹ kó yí ẹnu po kò kan ara wọn. Apá kan ń wọ́ òpó kékeré tó pín ihò imú méjèèjì níyà lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò là. Apá kejì ń fa ìdí ẹ̀gbẹ́ imú lọ síta. Eegun rírọ̀ tó yẹ kó gbé ṣónṣó imú nàró á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ fi ìka fa ẹ̀gbẹ́ imú yín kan síta, kí ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá wo ara yín nínú fóònù. Ihò yẹn á dùbúlẹ̀ bí ojú tó ń tòògbé. Ìdí nìyẹn tí a fi lè rán ètè kó gún régé, kí imú ṣì máa ṣòfófó.

Àwa oníṣẹ́ abẹ ńkọ́, báwo la ṣe ń wò ó? A ó ní kí ọmọ gbé orí sẹ́yìn, a ó yà á láti ìsàlẹ̀, a ó wá fi ihò ọ̀tún wé ihò òsì. Ní 1991 ni Asher-McDade àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ dunjú: ẹ gé fọ́tò kó ku imú àti ètè nìkan, kí ẹ fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Ó nídìí: kí ẹyinjú tó rẹwà má baà fa ojú adájọ́ mọ́ra. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ìyá wo ló bí imú àti ètè lásán?

Ìyá kan jókòó síwájú mi, a ti rán ètè ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Mo ní, “Màmá, báwo lẹ ṣe rí imú rẹ̀ sí?” Kò wo ọmọ rárá. Fóònù ló fà yọ, fọ́tò ọjọ́ tó bí i ló wà níbẹ̀. Ó gbé ìka lé àlàfo ètè inú fọ́tò náà, ó ní, “Dókítà, ibí yìí ni ọmú ti máa ń yọ́ bọ́.” Ó ní imú dáa, ó dáa gan-an. Èmi ti kọ 3 sínú ìwé.

Bàbá kan ṣe òdìkejì. Ọmọ tirẹ̀ ti pé ọdún mẹ́fà, gbogbo àwa dókítà ní imú rẹ̀ dára. Ó ní, “Tó bá rẹ́rìn-ín, imú yẹn máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.” Òótọ́ ni. Ọmọ wo ló ń rẹ́rìn-ín níwájú wa?

Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, màá sì tún un sọ: àìmọ̀kan kọ́ ló mú kí òbí yàtọ̀ sí wa. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Èmi ń fi ihò imú kan wọn èkejì. Òbí ń fi ọjọ́ ìbí wọn òní. Tó bá wá di pé ọmọ wọ iléèwé, tí imú àwọn ọmọ ẹlòmíì wà nítòsí, òbí kan náà á yí ọ̀pá padà. Ẹ̀yin náà ti ka àwọn ìwádìí tó fi ojú òbí wé ojú dókítà: nínú òmíràn, òbí ló ń yin imú ju dókítà lọ, nínú òmíràn, dókítà ni. Làwọn kan bá ní òbí ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọ̀gá mi àtijọ́ ní ìfẹ́ ọmọ ti bò wọ́n lójú. Mo ní, ẹ̀yin tí ẹ rán imú náà ńkọ́, sà? Ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín ò bo ojú tiyín? Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti na ìwé sí mi pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dáa, ẹ jẹ́ n sáré. Ọ̀nà tí Grayson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú wá ní 1993, tí wọ́n fi ń tọ́ imú sọ́nà kí iṣẹ́ abẹ tó dé, nígbà tí eegun rírọ̀ ṣì rọ̀ dáadáa: òbí fúnra rẹ̀ ló ń lẹ téèpù mọ́ ojú ọmọ lójoojúmọ́, nítorí náà òun náà ti di òṣìṣẹ́, ẹ fọgbọ́n gba ìdájọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ imú tó kẹ́yìn, a máa ń dúró kí ojú dàgbà tán, bí ọdún 14 sí 16 fún obìnrin, 16 sí 18 fún ọkùnrin. Àwòrán mọ́kànlá ló kù, ẹ jẹ́ ká fò wọ́n. Ìbéèrè?

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. Àpá tín-ín-rín kan wà lókè ètè rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ìyá mi ní imú mi dáa. Dókítà ní kò tíì dáa tó. Àtìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ti ń sọ bó ṣe rí. Kò sẹ́ni tó bi mí bó ṣe ń mí.” Ó fi ìka dí ihò imú ọ̀tún, ó fa èémí. Gbogbo wa gbọ́ ọ: fííì, bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Mo pa àwòrán ara ògiri. Ohun tó pín inú imú sí méjì máa ń wọ́ lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó sì máa ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Kò hàn nínú fọ́tò mi kankan. Ìyá kan láàárín èrò ní, “Tèmi máa ń lanu sùn, á máa hanrun. Mo rò pé bó ṣe ń sùn nìyẹn ni.” Mo bi ọmọbìnrin náà pé tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré la lè ṣe, èwo ni ká ṣe? Ó ní, “Kí n lè pa ẹnu dé sùn.” Ó ti fẹ́ jókòó, ó tún dìde. “Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ kúkú bá mi gbé ṣónṣó rẹ̀ sókè díẹ̀.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Fọ́ọ̀mù tí mo kó wá fún àwọn òbí ṣì wà lórí tábìlì: ìbéèrè mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ lórí ìrísí. Mo kó o padà sínú báàgì.