Àgádágodo Náà Bá Olè Lọ: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣọ́ Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ojú Omi Yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òṣogbo náà la wà, inú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ gbàgà-gbàgà lẹ́yìn, ọmọ iṣẹ́ mi ni, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí kò gbọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín pé kí ló kan ará Òṣogbo kan ọkọ̀ ojú omi, ṣebí odò Ọ̀ṣun tó wà lọ́dọ̀ wa yìí, tó bá ti di ti inú igbó Ọ̀ṣun, ẹnì kan ò gbọdọ̀ da àwọ̀n sí i, ẹja ibẹ̀ kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ odò yẹn náà ló ń ṣàn títí tó fi dé ọ̀sà lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ Òròkí kan sì bá a lọ. Tiwa wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ń pẹja. Bàbá mi kékeré ni.

Wọ́n ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ kan, 15HP lagbára ẹ̀, wọ́n wá pè mí lórí fóònù pé ṣebí wẹ́dà ni mí, kí n ṣe irin kan tólè ò ní rí tú. Mo ṣe é. Irú ẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ́ńjìnì kékeré, síkúrúù méjì ló fi ń di pákó ìdí ọkọ̀ mú, ọwọ́ lásán la sì fi ń fún wọn, a jẹ́ pé ọwọ́ lásán náà lolè máa fi tú u, kò tiẹ̀ nílò sípánà. Irin yìí, páìpù tí mo là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, tẹ́ ẹ bá ti yí etí síkúrúù méjèèjì kí wọ́n kọjú síra wọn, ẹ ó ti páìpù yìí bọ̀ wọ́n, ẹ ó wá fi àgádágodo sí ìpẹ̀kun ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lè yí síkúrúù yẹn mọ́. Mo tiẹ̀ fi ń yangàn láàárín àwọn wẹ́dà ẹgbẹ́ mi.

Kò ju oṣù méjì lọ, bàbá pè mí láàárọ̀ kùtù. "Ọmọ mi, àgádágodo rẹ yìí dáa o, kò já rárá." Mo ti fẹ́ máa ṣọpẹ́. Wọ́n ní, "Òun náà bá wọn lọ."

Ayùn làwọn olè mú wá. Wọn ò fọwọ́ kan irin mi, wọ́n kàn rẹ́ pákó tí ẹ́ńjìnì wà lára ẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n rẹ́ ẹ lápá òsì, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, pákó, ẹ́ńjìnì, àti àgádágodo tí mo fowó mi rà. Èmi ń wo síkúrúù, olè ń wo pákó.

Ohun tí mò ń ṣe fún àwọn ọlọ́kọ̀ báyìí rèé. Yàtọ̀ sí síkúrúù ọwọ́, ihò tún wà lára ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń di ọkọ̀ mú, bọ́ọ̀tì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀tì gba inú pákó já, kẹ́ ẹ wá fi irin pẹlẹbẹ kan sínú, òmíràn síta, kí irin yẹn gbòòrò ju ẹ́ńjìnì lọ lọ́tùn-ún lósì, tí ayùn bá débẹ̀, irin ló máa bá. Kẹ́ ẹ sì fi sílíkọ́ọ̀nù dí ojú ihò o, kí omi má bàa gbabẹ̀ wọ pákó, kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má wẹ́ẹ̀dì nǹkan kan mọ́ ara ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀, alumíńíọ̀mù ni, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù táà ń lò fún géètì ò lè mú un, iná wẹ́ẹ̀dì sì lè ba ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná jẹ́. Wẹ́dà tó bá ní òun máa ṣe é fún yín kíákíá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Tó bá jẹ́ ṣéènì lẹ fẹ́ lò, ẹ fà á kó le, má jẹ̀ẹ́ kó sùn sílẹ̀, torí ṣéènì tó sùn sílẹ̀, ilẹ̀ ló ń bá olè dì í mú tó bá fẹ́ gé e. Àgádágodo onídẹ ni kẹ́ ẹ rà, kí ọrùn ẹ̀ kúrú kó sì nípọn, kẹ́ ẹ gé róbà táyà bò ó lórí.

Àmọ́ ká sọ tòótọ́, ẹ́ńjìnì tí kò sí létí omi lóru, ta ni ó jí i? 15HP two stroke, irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, bíi kílò 35 sí 40 ni, ọkùnrin kan tó jẹun yó á gbé e. Kẹ́ ẹ tó gbé e, ẹ fi sílẹ̀ ní òòró kí omi inú ẹ̀ kọ́kọ́ dà nù, torí tẹ́ ẹ bá dà á dùbúlẹ̀ pẹ̀lú omi nínú, omi yẹn lè rìn lọ sí ibi tí píṣítìnì wà, ìyẹn tún di owó mẹkáníìkì. Ẹ gbé táǹkì epo náà pẹ̀lú páìpù ẹ̀, àmọ́ kó má wọ yàrá táwọn ọmọ ń sùn o, ìta ni kẹ́ ẹ tì í mọ́. 40HP kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀, ó lé ní kílò 70, ìyẹn ni bọ́ọ̀tì àti irin pẹlẹbẹ wà fún, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ lórí adágún Ẹ̀rínlẹ̀ níbí, tiyín rọrùn, ẹ gbé àjẹ̀ yín relé.

Ibi tọ́rọ̀ dùn mí sí gan-an ló kù yìí. Bàbá lọ fẹjọ́ sùn ọlọ́pàá, wọ́n bi wọ́n pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ńkọ́. Bàbá ò mọ̀ ọ́n. Rìsíìtì ńkọ́? Kò sí. Bàbá wá rántí pé lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ibi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń di ọkọ̀ mú yẹn, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ha á. Ẹni tó tà á ní omi iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Omi iyọ̀ kẹ̀! Bàbá bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní, "Àbí ẹni tó ni ín ló wá gbé e ni?"

Ṣé ẹ rí i, olè ò fẹ́ wa ọkọ̀, títà ló fẹ́ tà á. Ẹ́ńjìnì tó bá ti nira láti tà, ó máa wo ti ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà yẹn báyìí báyìí, ẹ ya ẹ́ńjìnì lódindi, ẹ ya rìsíìtì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyàwó tàbí ọmọ, torí fóònù tiyín lè bọ́ sómi. Pọ́ńṣì tí mo mú dání yìí, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà, òun ni mo fi ń lu àmì sára irin ìdí ẹ́ńjìnì, mo tún máa ń kọ ọ́ sínú ìdérí orí ẹ̀ níbi tẹ́nì kan ò ní tètè wò. Orúkọ agboolé ni mo sábà máa ń lò. Kẹ́ ẹ wá kun ìdérí yẹn ní àwọ̀ tó burú, yẹ́lò, àlùkò, ohunkóhun tí wọ́n máa dá mọ̀ láti òkèèrè. Bàbá ní yóò burẹ́wà. Mo ní ẹja ò wo ẹwà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tí wọ́n ha báyìí, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹrù olè, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, kì í ṣe ẹni tó jí i nìkan.

Àwọn kan ń béèrè nípa tíráká, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń sọ ibi tí ẹrù wà fún yín lórí fóònù. Ó dáa, àmọ́ ó nílò síìmù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti bátìrì, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí lórí omi, ó ti dákẹ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, má fi sábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnì, ooru ibẹ̀ á sè é.

Bàbá ti ra òmíràn, pẹ̀lú rìsíìtì, yẹ́lò ni, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé wá jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, ìyàwó wọn ti fi aṣọ bò ó bíi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Fídíò tó ń bọ̀, màá gé irin pẹlẹbẹ yẹn lójú yín, kẹ́ ẹ bá mi wọn pákó ìdí ọkọ̀ yín sílẹ̀, ìbú ẹ̀ àti bó ṣe nípọn tó. Ìwọ, dákẹ́ ariwo yẹn ná!