Bí A Ṣe Ń Gba Ohùn Sílẹ̀ fún Fíìmù Nílẹ̀ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Iṣẹ́ ohùn ni mo ń ṣe nínú fíìmù. Èmi ni mo máa ń di ọ̀pá máìkì mú lẹ́yìn kámẹ́rà. Agboolé kan ní Kabba, nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, la wà yìí, a fẹ́ ya ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Owé ni wọ́n máa sọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan bọ́ sọnù. Tí ohùn bá bàjẹ́, wọ́n á ní kí ẹlòmíràn wá gbohùn rọ́pò ìyá ní Èkó, onítọ̀hún á sì sọ ọ́ bí ará Ọ̀yọ́. Ẹnu ìyá á máa mì lójú àwòrán, àmọ́ èdè ìyá kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan máìkì. Ẹ tètè dé ju àwọn tó kù lọ, ẹ dúró síbi tí òṣèré máa jókòó, ẹ dijú, ẹ tẹ́tí. Níbí, mo ń gbọ́ fíríìjì, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, mo sì ń gbọ́ ọkọ̀ síméǹtì tó ń bọ̀ láti Obajana. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà Obajana sí Kabba, táyà sì máa ń hó lórí kọnkéré ju orí ọ̀dà lọ. A kò lè dá ọkọ̀ dúró, nítorí náà a máa gbé àga Màmá lọ sẹ́yìn ilé, kí ògiri wà láàárín wa àti títì. Fíríìjì, ẹ pa á, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín sínú rẹ̀: ẹ kò ní lè lọ sílé láìtàn án padà fún onílé. Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ lọ kí aládùúgbò dáadáa, ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa parí fún un, kí ẹ sì parí nígbà náà. Mo ka ìkíni yìí mọ́ iṣẹ́ gan-an, torí ẹ ṣì máa padà wá sí àdúgbò yẹn.

Ó yá, rẹ́kọ́dà. Ẹ gbé e sí 48 kHz (iye ìgbà tó ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta) àti 24-bit (bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó), 44.1 kHz tí wọ́n ń lò fún CD orin kọ́ la fẹ́.

Ẹ wá wo ọwọ́ mi. Òkè orí ni mo ti na máìkì wá, mo kọ ojú rẹ̀ sí àyà Màmá, ó sún mọ́ ọn débi tó kù díẹ̀ kó wọnú àwòrán. Ẹni tó ń ya àwòrán á ní kí ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ bi í pé ibo gan-an ni àwòrán rẹ̀ parí sí, kí ẹ dúró sí etí ibẹ̀. Tí ẹ bá dín àyè tó wà láàárín ẹnu àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń lọ sókè tó) lé sí i, ariwo àyíká ò sì ní lé bẹ́ẹ̀. Kò sí owó máìkì tó lè ṣe ohun tí sísún mọ́ra ń ṣe. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi ìbòrí onírun bo máìkì, fóòmù nìkan kò tó.

Máìkì kékeré tí a ń há mọ́ aṣọ, obìnrin ni kó bá Màmá há a, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọrọ àyè. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yọ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lu ara wọn.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ sè láàárọ̀, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nínú eré gan-an.” Ẹ wo àmì yẹn lójú rẹ́kọ́dà: ibi tó bá ga dé jù lọ, kó jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì -12. Tó bá kan 0, ohùn ti fọ́ nìyẹn. Màmá máa kígbe mọ́ ọmọ yìí níwájú, nítorí náà mo fi àyè sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí kíláàpù, pátákó tí wọ́n ń pa láti bẹ̀rẹ̀ ìran, bá ti dún, ẹ má yọ hẹ́dìfóònù létí. Tí ọ̀kadà bá kọjá lórí ọ̀rọ̀, ẹ sọ fún olùdarí kí wọ́n tó kó iná kúrò. Ojú lè máa tì yín, ẹ ṣáà sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù, gbogbo wa á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 1, kí a gba ohùn àyíká lásán. Ẹni tó ń to fíìmù máa fi dí àlàfo. Tó bá jẹ́ ìgbésí ayé gidi lẹ ń yà, bí àwọn ìyá tó ń hun aṣọ ní Bùnú nílẹ̀ Òkun yìí, níbi tí aṣọ ìpó pupa ti wá, ẹ tún gba ohùn òfì wọn lọ́tọ̀, ní ìtòsí, láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìró òfì olóòró yẹn wúlò ju orin tí wọ́n máa fẹ́ fi bò ó lọ.

Owó ńkọ́? Nínú fíìmù aládàáni, ẹ gba ìdajì kí ẹ tó gbé ọ̀pá, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé orúkọ yín máa jáde ní ìparí fíìmù, bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Orúkọ yẹn ni olùdarí mìíràn máa rí tó fi máa pè yín.

Tí ẹ bá délé, ẹ da ohùn náà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ìran sí orí fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó nu káàdì.