Nígbà Tí Ibà Lọ Tí Òòyì Kò Lọ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mú òbí yín wá, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Adó-Èkìtì ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ni kò lè wá. Òòyì gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n lè jáde nílé. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mo ń ṣe, èyí ni fífi eré ìmárale tọ́jú ara. Àwọn tí mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lọ ni àwọn tí ibà tàbí ọ̀fìnkìn kọ lù, tí ara wọn ti yá, tí ikọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ kò tíì dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú orúkọ tí à ń pe àìsàn náà, nítorí èdè wa mọ ìyàtọ̀ kan tí ìwé ilé ìwòsàn kì í sábà kọ sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní òòyì ń kọ́ òun, ohun tó ń sọ ni pé ilé ń yí, tàbí pé òun fúnra òun ń yí, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tó pòòyì lágbàlá tó wá dúró lójijì. Bí ó bá ní ojú òun ń ṣú, pàápàá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ tí kò tètè dé orí ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí: ó lè jẹ́ pé kò mu omi tó, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò pọ̀ jù fún un. Bí ó bá sì ní ẹsẹ̀ òun kò múlẹ̀, a jẹ́ pé orí rẹ̀ lè wà ní àlàáfíà nígbà tó bá jókòó, kó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń rìn ni ara rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń wá yàtọ̀, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀. Nígbà tí a bá kó gbogbo wọn sábẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo lórí káàdì aláìsàn, ìyàtọ̀ náà sọnù nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe yín, kí ọmọ tó bá tẹ̀lé yín lọ má sì gé e kúrú nígbà tó bá ń túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà.

Inú etí ni òòyì tí mò ń sọ ti ń wá. Ní ìsàlẹ̀ etí lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí a fi ń gbọ́ ohùn, ọ̀nà tóóró mẹ́ta wà nínú etí kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ bí òrùka, tí omi sì kún inú wọn. Bí orí bá yí, omi yìí kì í tètè bá a yí, ìdádúró díẹ̀ yẹn ló sì ń tẹ irun tíntìntín tó wà níbẹ̀, tí iṣan fi ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ pé orí ti yí. Àpò kékeré méjì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú wọn, èyí tí a fi ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ṣe. Àwọn ló ń sọ fún wa bí a bá tẹ̀ síwájú tàbí tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kódà nígbà tí orí bá dúró jẹ́ẹ́, iṣan etí ọ̀tún àti ti òsì ń ránṣẹ́ lọ lọ́gbọọgba, bí ẹni méjì tó gbé pákó kan, tí ọ̀kan wà níwájú tí èkejì wà lẹ́yìn.

Ẹ wá wò ó pé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan wọ iṣan ọ̀kan nínú wọn. Iṣan náà wú, agbára rẹ̀ dín kù lójijì, pákó náà sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọpọlọ kò mọ̀ pé iṣan kan ló ṣàìsàn. Ohun tó gbà ni pé orí ń yí, nítorí pé ìgbà tí orí bá ń yí nìkan ni iṣẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń jẹ́ kì í dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ilé fi ń yí, tí ẹyinjú ń sáré lọ sáré bọ̀, tí èébì kò sì dúró ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí àìsàn náà bá kan ibi ìgbọ́ràn pẹ̀lú, etí náà a máa di, a sì máa hó. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn lè ṣe irú èyí, kòrónà náà lè fi òòyì sílẹ̀ lẹ́yìn, ṣegede lè ba etí jẹ́, ibà Lásà tí àwa tí a bá Ondó pààlà mọ̀ dáadáa sì ti sọ àwọn kan di adití.

Robert Bárány, dókítà etí tí wọ́n bí ní Vienna ní ọdún 1876, ṣàkíyèsí pé bí òun bá fi omi tútù tàbí omi gbígbóná fọ etí aláìsàn, òòyì a kọ́ ẹni náà, ojú rẹ̀ a sì máa sáré, àti pé ìhà tí ojú ń sáré sí yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí omi náà ṣe tutù tàbí gbóná. Ibẹ̀ ni òye ti ṣí sílẹ̀ pé a lè dán etí wò láti mọ orísun òòyì. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 ni wọ́n fi dá a lọ́lá, inú ẹ̀wọ̀n ogun ní Rọ́ṣíà ló sì wà nígbà tí ìròyìn náà dé bá a. Mo ń mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé ọwọ́ ayé ló kàn wọ́n. N kò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà, ẹ gbàdúrà yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí rẹ̀ fura sí aládùúgbò tàbí ìyàwó ilé nígbà tó jẹ́ pé iṣan etí ló ṣàìsàn.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Bí òòyì bá dé pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, ojú tó ń rí nǹkan kan ní méjì, ẹ̀fọ́rí líle tí irú rẹ̀ kò ṣe yín rí, tàbí tí ẹni náà kò lè dá dúró rárá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní wákàtí yẹn, nítorí ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀, pàápàá lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Etí kan tó di lójijì náà kì í ṣe ohun tí à ń fi epo gbígbóná sí. Dókítà etí gbọ́dọ̀ rí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí oògùn ṣì lè ràn án lọ́wọ́.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Àbúrò ìyá mi kan ní Ìkẹ́rẹ́ ní òòyì lẹ́yìn ọ̀fìnkìn líle kan. Ẹni tó ń ta oògùn fún un ní oògùn tó ń dá èébì àti òòyì dúró, ó sì bá a lára mu ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni ó fi lò ó, orí ibùsùn ni ó sì wà ní èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù mẹ́rin náà, tí àwa ọmọ ń gbé omi fún un, tí a ń sọ pé kí ó má mi orí, tí a rò pé ìfẹ́ ni a ń fi hàn. Irú oògùn bẹ́ẹ̀, bíi prochlorperazine, cinnarizine àti promethazine, wúlò fún ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí èébì kò jẹ́ kí ènìyàn gbádùn. Bí a bá lò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń mú kí ọpọlọ tòògbé lẹ́nu iṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe, nígbà mìíràn ó sì lè mú kí ọwọ́ àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ tún ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́ gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tí àwọn kan ń gún láìsí ìwé dókítà, nítorí ó lè pa irun inú etí méjèèjì, irun náà kì í sì í hù padà.

Iṣẹ́ tí mo ní ọpọlọ ń ṣe ni pé ó ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Kódà bí iṣan tó bàjẹ́ kò bá padà sípò tán, ọpọlọ lè kọ́ láti fi ohun tó kù gbé ara dúró: etí kejì, ojú, àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọ bí kò bá rí àṣìṣe náà. Ìgbà tí orí bá mì tí ìran sì gbọ̀n díẹ̀ ni ó tó mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe. Ẹni tó bá di orí rẹ̀ mú kí òòyì má baà dé ti gba ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Cawthorne, dókítà iṣẹ́ abẹ etí, àti Cooksey ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti rí èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọdún 1940 sí 1949, nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn aláìsàn wọn ní eré ìmárale ojú, orí àti ara, tí àwa oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ṣì ń lò títí di òní.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ jókòó sórí àga tó dúró dáadáa, ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, ẹ tẹjú mọ́ èékánná rẹ̀, kí ẹ wá máa yí orí sọ́tùn-ún sósì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan láìgbé ojú kúrò lára èékánná náà. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe, kí orí máa lọ sókè sódò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún lójúmọ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan gígùn lọ. Nígbà tó bá rọrùn, ẹ ṣe é ní ìdúró, lẹ́yìn náà kí ẹsẹ̀ méjèèjì fara kanra, kí ẹnìkan sì wà nítòsí yín. Òòyì díẹ̀ gbọ́dọ̀ dé, bí kò bá dé rárá, ohun tí ẹ ń ṣe ti rọrùn jù. Bí kò bá sì rọlẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ti ṣe é jù, ẹ dín in kù ní ọjọ́ kejì.

Àwa tí à ń jẹ́ ọmọ ilẹ̀ olókè kò nílò láti ra ẹ̀rọ kankan lẹ́yìn èyí. Ọ̀nà tó gun òkè tó sì sọ̀ kalẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ rìn ín ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, kí ẹ máa wo ọ̀tún, kí ẹ máa wo òsì bí ẹni tó ń kí ará àdúgbò. Ọjà Ọba ni kí ẹ fi sí ìkẹyìn, nítorí èrò tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń da ojú rú fún ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì dá. Alẹ́ tí kò síná léwu jù, nítorí òkùnkùn ti gba ojú lọ́wọ́ ara tó ti pàdánù etí kan. Iná tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ní ti àbúrò ìyá mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí dókítà ní kí ó dá oògùn náà dúró tí a sì bẹ̀rẹ̀ eré yìí, ó tún gún iyán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ká fi àga sẹ́yìn òun.

Ìlọsíwájú náà kì í lọ tààrà o. Àìsùn, àárẹ̀ tàbí ọ̀fìnkìn tuntun lè mú òòyì padà fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá yí ara padà lórí ibùsùn nìkan ló ń dé, tí kì í sì í tó ìṣẹ́jú kan, òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ló já bọ́ sí ibi tí kò yẹ, onímọ̀ sì lè yí orí yín ní ọ̀nà kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí yóò fi padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá lé ní oṣù mẹ́ta tí ara ṣì ń fì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, àìsàn gidi tó ní orúkọ tirẹ̀ lè ti jẹyọ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Bárány gbé ìlànà bí a ṣe lè dá a mọ̀ jáde ní ọdún 2017. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àbòsí. Ìbẹ̀rù ìṣubú máa ń mú un le sí i, nítorí náà ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kò gbọ́dọ̀ bú u.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà jẹun bi mí pé ìgbà wo ni òun tún lè gun ún. Mo ní kí ó kọ́kọ́ lè máa rìn lójú ọ̀nà kí ó máa wẹ̀yìn lójijì láìdúró, láìfẹsẹ̀ kọ, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí ó wá sọ́dọ̀ wa ká dán an wò. Bàbá tó jókòó tì í, tó ń gun ọ̀pẹ, ní òun náà gbọ́.