Ẹ Yé Ṣe Agbẹnusọ fún Ọlọ́hun

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad. Mi ò ní fa ìbẹ̀rẹ̀ gùn lónìí, inú ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa jáde lọ síbi iṣẹ́, kò padà wálé mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an la sin ín. Ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú ti wú, ni obìnrin kan tó wá kí i bá tẹ̀ sí i létí pé, “Màmá, ẹ yẹ ara yín wò o. Ọlọ́hun kì í dédé ṣe nǹkan.” Kílẹ̀ tó ṣú, orí WhatsApp ti gbóná: àwọn kan ní ẹ̀san bàbá rẹ̀ ni, àwọn kan ní kì í kí ìrun Súbùhì ìdájí. Ta ló pè yín síbi tí wọ́n ti ṣèpinnu rẹ̀?

Súrátùl-Kahf, orí Kùránì tá à ń sáré kà lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣé a ń gbọ́ ohun tó ń sọ? Hadíìsì tí Ubayy ọmọ Ka'b, sàábé Ànábì, gbà wá, tó wà nínú ìwé Bukhari, ló là á yé wa. Ànábì Mùsá ń ṣe wáàsí fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, wọ́n wá bi í pé ta ló nímọ̀ jù láàárín ènìyàn. Ó ní òun ni. Mùsá tí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀! Ẹnu ẹ̀ kúkú gbà á. Síbẹ̀ Ọlọ́hun bá a wí, torí kò dá ìmọ̀ padà sọ́dọ̀ Ẹni tó ni ín. Ó rán an lọ síbi tí òkun méjì ti pàdé, kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Khidr, ẹrú Ọlọ́hun kan tí Ọlọ́hun fún ní ìmọ̀ tí Mùsá ò ní.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọlọ́kọ̀ dá Khidr mọ̀, wọn ò gbowó lọ́wọ́ wọn. Ẹyẹ kan fò wá, ó bà sétí ọkọ̀, ó tẹnu bọ òkun lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Khidr ní, “Mùsá, ìmọ̀ tèmi àti tìrẹ ò bù ju ohun tí ẹyẹ yìí fẹnu bù nínú òkun lọ nínú ìmọ̀ Ọlọ́hun.” Ló bá yọ pákó ọkọ̀. Mùsá figbe ta: àwọn tó gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ̀ wọn lò ń bà jẹ́! Àṣé ọba kan wà níwájú tó ń fipá gba gbogbo ọkọ̀ tó dára. Ihò yẹn ló gba oúnjẹ àwọn mẹ̀kúnnù náà sílẹ̀.

Ẹ wá wò ó: Khidr tí wọ́n fi àṣírí hàn gan-an, nígbà tó ṣàlàyé tán, ó ní òun ò ṣe é láti inú èrò ara òun. Ìwọ tí o ò mọ ohun tí wọ́n ń sè nílé kejì sí tìẹ, ìwọ lo wá mọ ìdí tí Ọlọ́hun fi pa ọmọ ọlọ́mọ?

Ọkùnrin kan búra pé Ọlọ́hun ò ní forí jin lágbájá. Nínú ìwé hadíìsì Muslim ló wà. Ọlọ́hun ní, ta lẹni tó ń búra lé Mi lórí? Mo ti forí jìn ín, Mo sì ti fagi lé iṣẹ́ tìrẹ. Alájì, Alájà, ẹ gbọ́ o! Ìrun, ààwẹ̀, owó Mẹ́kà tẹ́ ẹ fi ọdún gbọọrọ tù jọ, gbólóhùn kan péré lè gbé gbogbo ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá lọ kí ọlọ́fọ̀, ohun tí Ànábì ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ: ti Ọlọ́hun lohun tó mú, tiẹ̀ náà lohun tó fúnni, gbogbo nǹkan ló ní gbèdéke lọ́dọ̀ Rẹ̀, kó ṣe sùúrù, kó retí ẹ̀san rere. Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ dání, nítorí nígbà tí ìròyìn ikú Ja'far, ọmọ bàbá Ànábì, dé, oúnjẹ ni Ànábì ní kí wọ́n sè fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ọlọ́hun kó forí jin òkú wa, kó bá wa kó ahọ́n wa níjàánu. Àmín.