Mẹ́gà Kọ́, Ìjìnnà Ni: Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Pẹ̀lú Díìṣì Orí Òrùlé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ Yorùbá sọ ní Kubwa, Àbújá, rèé. Mo tún un tò fún kíkà, mo sì yọ ibi tí iná ti lọ tí gbogbo wa jókòó sínú òkùnkùn kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń wo fóònù lábẹ́ tábìlì, mo rí yín. Iṣẹ́ díìṣì ni mò ń ṣe. Orí òrùlé ni ọ́fíìsì mi, láti Kubwa títí dé Lugbe, mo sì máa ń kọjá sí Suleja. Ìbéèrè kan náà ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ bi mí: “Ẹ̀gbọ́n, mẹ́gà mélòó ló ń gbé?” Kò tíì sí ẹni tó bi mí pé ibo ni ọ̀rọ̀ ń gbà lọ, ibo ló sì ń gbà bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù, kó béèrè mẹ́gà. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà ni kó béèrè.

Ìtìjú ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Ṣáájú 2023, ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ọ̀ffà, ṣí ilé géèmù sí Suleja. Fáíbà, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀, kò dé àdúgbò náà, nẹ́tíwọ̀kì fóònù sì ń ṣe ségesège. Ó ra íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì, díìṣì ńlá, owó gidi, èmi ni mo gun òrùlé lọ gbé e ró. Mo dán an wò, fídíò ń lọ geere, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo bá tèmi lọ. Mi ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nígbà tó di Sátidé, fóònù mi dún: “Ìwọ, wá wo ohun tí o gbé sórí ilé mi.”

Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọkùnrin kan ló di pádì mú, pẹnárítì ló kàn. Ìlú mìíràn ni ẹni tó ń bá a gbá wà. Ẹni yẹn gbá a. Ọmọ wa tẹ bọ́tìnnì, mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Gólì wa dúró bí ère. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, wọ́n ti ń dì mọ́ra wọn lọ́hùn-ún, kí gólì wa tó wá fò sọ́tùn-ún, bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú lẹ́yìn ọjọ́ kẹta. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n tó ni ilé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sátẹ́láìtì tí díìṣì yẹn ń bá sọ̀rọ̀ wà ní 35,786 kìlómítà lókè ìlà agbedeméjì ayé. Ọ̀rọ̀ á gòkè láti Suleja, á sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó àwọn tó ń tà á, ìdáhùn á tún gòkè, á tún sọ̀. Ìrìn mẹ́rin nìyẹn, ó lé ní 143,000 kìlómítà. Bí ìmọ́lẹ̀ ló ń yára, nǹkan bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ohun tó yára jù ú lọ láyé. Síbẹ̀ á gba 477 mìlísẹ́kọ́ǹdì, ìyẹn bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ̀rọ kankan tó fi ìjáfara tirẹ̀ kún un. Lójú iṣẹ́, 600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ la máa ń rí. Ẹ wá wo pápá: mítà 11 ni ibi pẹnárítì sí ojú ilé. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan á dé ibẹ̀ láàárín 400 mìlísẹ́kọ́ǹdì. Bọ́ọ̀lù ti wọlé kí ìránṣẹ́ tó lọ tó bọ̀. Ọmọ yẹn kò lè mú un, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́gà ló ní.

Àsìkò lílọ àti bíbọ̀ yẹn ni àwọn ọmọ wa ń pè ní ping. Mẹ́gà ni fífẹ̀ títì, ping ni jíjìn ìlú. Ẹ lè fẹ títì Àbújá sí Kàdúná kó gba ọkọ̀ ogún lẹ́ẹ̀kan, Kàdúná kò ní tìtorí ìyẹn sún mọ́ wa.

Kí ló wá gbé sátẹ́láìtì lọ jìnnà bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ ló ti lè máa bá ayé yí ní ìwọ̀n kan náà, tí yóò fi dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Arthur C. Clarke kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1945 pé irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ lè tan ìròyìn ká gbogbo ayé. Ìdúró sójú kan yẹn ló jẹ́ kí díìṣì DStv yín kọjú sí ìlà-oòrùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, tí kò yí ọrùn rí. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tiwa náà, òkè yẹn ló wà. Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2011 ni wọ́n rán an lọ, lẹ́yìn tí NigComSat-1 tí wọ́n rán lọ ní 2007 ti kú ní 2008, Lugbe níbí ni wọ́n sì ti ń darí rẹ̀. Fún tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ dáa púpọ̀. Bí ìròyìn alẹ́ bá pẹ́ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ta ló máa mọ̀?

Kì í sì í ṣe gbogbo géèmù ló ń jìyà rẹ̀. Ayò ṣeé fi ìwé ta: ẹ kọ ọ́ pé ẹ mú ọmọ inú ihò kẹta, ẹ fi rán awakọ̀ sí Ìlọrin, ẹ dúró de èsì. Ẹ ó pẹ́ lórí ẹ̀ o, àmọ́ ọ̀pẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ta á kúkú gbà fún ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n. Ìjàkadì kò ṣeé fi ìwé jà. Chess, dráfù, lúdò, whot orí fóònù, ayò ni gbogbo wọn. Bọ́ọ̀lù, ìbọn yínyìn, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìjàkadì nìwọ̀nyẹn. Ẹ̀yin tó jẹ́ díìṣì ńlá àtijọ́ nìkan ló wà ládùúgbò yín, ẹ ta ayò, kí ẹ fi ìjàkadì sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n Suleja nìyẹn kí n tó gun òrùlé wọn.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, Starlink, iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Sátẹ́láìtì tiwọn wà ní nǹkan bíi 550 kìlómítà, bí ẹni pé ẹ gbé ọ̀nà Àbújá sí Èkó nà ró, bí ẹyẹ ṣe ń fò ó tààrà. Ìrìn mẹ́rin, 2,200 kìlómítà, kò pé mìlísẹ́kọ́ǹdì 8. Ẹ fi wé 477. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí 50 lórí díìṣì, mo rò pé ẹ̀rọ ló ń purọ́, mo pa á, mo tún un tàn.

Àmọ́ ohun tó sún mọ́ ilẹ̀ kò lè dúró sójú kan. Sátẹ́láìtì wọ̀nyí ń sáré bíi 27,000 kìlómítà ní wákàtí kan, bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n fi ń yí ayé po. Ọ̀kan á yọ, á kọjá, díìṣì á yà sọ́dọ̀ òmíràn, ìṣẹ́jú àáyá 15-15 ni wọ́n sì ń tún iṣẹ́ pín láàárín ara wọn. Lórí òrùlé kan ní Lugbe, mo jókòó ti ping bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná: 48, 50, 47, 49, lójijì 95, ó tún di 52. Fíìmù kò mọ nǹkan kan nípa 95 yẹn. Ẹni tó ń yìnbọn mọ̀.

Ẹni tó bá mọ ijó á yé e. Bí onígángan bá ń pẹ́ díẹ̀, tó sì ń pẹ́ bákan náà, oníjó á bá a mu. Bó bá pẹ́, tó yá, tó tún pẹ́, ẹsẹ̀ á kọ́ ẹsẹ̀. Jitter ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní tèmi, 80 tó fìdí jókòó sàn ju 40 tó ń fò sókè sódò, kódà bí ẹni tó ń tajà bá ń fi 40 yẹn yangàn.

Àwọn tó ń ṣe géèmù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́, wọ́n sì ti dá ọgbọ́n sí i. QuakeWorld, géèmù ìbọn yínyìn ti John Carmack, ló sọ ọ̀kan di mímọ̀ ní 1996: ẹ̀rọ yín kò ní dúró gba àṣẹ, á ti gbé yín rìn, á máa méfò ohun tí sáfà, ẹ̀rọ tó ń darí géèmù láti ọ̀nà jíjìn, máa sọ. Bí èsì bá dé tí kò bá èfò mu, wọ́n á fà yín padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sáré lọ tí ẹ tún ń bá ara yín níbi tí ẹ ti kúrò. Òmíràn ni èyí tí ẹ ti sá wọ ẹ̀yìn ògiri tán, síbẹ̀ tí ẹ kú. Sáfà ló padà wo ohun tó wà lójú ẹni tó yìnbọn nígbà tó yìn ín, lójú tirẹ̀ ẹ kò tíì dé ẹ̀yìn ògiri. Ẹ má tíì pariwo “ojoro”.

Nípa ibi tí ẹ máa gbé díìṣì sí, igi máńgòrò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Díìṣì tuntun yìí kì í wo ojú kan bíi ti DStv, gbogbo agbada ojú ọ̀run ló fẹ́ rí. Bí ọ̀nà àwọn sátẹ́láìtì náà ṣe dagun, wọ́n pọ̀ lókè Yúróòpù ju bí wọ́n ṣe pọ̀ lókè wa níbí, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Bí ẹ̀ka bá dí ọ̀kan, ó lè máà sí òmíràn nítòsí láti sá bá. Ní ilé Lugbe yẹn, áàpù ya ojú ọ̀run fún mi, ó kun apá kan ní pupa bí ojú ọgbẹ́. Mo gbójú sókè: ẹ̀ka máńgòrò onílé ni, kò ju apá mi lọ. Màmá onílé ní kò sẹ́ni tó máa gé e, ó ti ń yọ òdòdó. Wọ́n kò jẹ̀bi. Òpó irin la rà, a gbé díìṣì kọjá orí ẹ̀ka, pupa sì tán.

Òjò ń dí i, pàápàá èyí tó máa ń ṣú dùdù lẹ́ẹ̀kan náà ní Àbújá wa yìí, nítorí ẹ̀kán omi ń gbé irú ìgbì tí díìṣì ń lò mì. Ọyẹ́ kò ṣe é ní nǹkan, ẹ ṣáà máa nu eruku. Ti iná ọba, ẹ fi sí ínfátà: bí ó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, díìṣì á tún bẹ̀rẹ̀ látorí A, ìṣẹ́jú mélòó kan á lọ sí i, ìdíje yín ti parí.

Ó ku ohun tí àwọn tó ń ta díìṣì kì í sọ. Ọ̀run kọ́ ni òpin ìrìnàjò. Ọ̀rọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó ilẹ̀, fáíbà á gbà á níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ sáfà tó ni géèmù, èyí tó sì sún mọ́ wa jù nínú wọn, Yúróòpù tàbí Gúúsù Áfíríkà ló sábà máa ń wà. Ẹ mú okùn MainOne, tó ń gba abẹ́ òkun lọ láti Èkó sí Pọ́túgà láti 2010. Gígùn rẹ̀ tó 7,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà sì ń rin bíi 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lílọ àti bíbọ̀, 70 mìlísẹ́kọ́ǹdì ti lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé díìṣì òun máa fún yín ní 20 lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bi í bóyá ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 tí okùn mẹ́rin já lẹ́bàá Abidjan, MainOne wà lára wọn, gbogbo wa ló rí i bí abẹ́ òkun ṣe kan ilé wa tó.

Níbi tí mo ti ń sọ èyí ni ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọdún 13 lọ, nawọ́. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, èmi wà ní Kubwa, ọmọ àǹtí mi wà ní Ìbàdàn. Tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù fún un, ibo ló ń gbà?” Mo ní bí sáfà géèmù rẹ̀ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbà kó tó dé Ìbàdàn. Ó ronú sí i. “Ṣé wọn ò lè gbé sáfà sí Lọ́kọ́ja?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí òun nìkan ló béèrè ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó dúró di ọlidé, kí ọmọ àǹtí rẹ̀ wá sí Kubwa, kí wọ́n wá géèmù tó gbà á láyè, kí wọ́n so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ ráútà kan ṣoṣo. Ping wọn kò ní ju 1 tàbí 2 lọ, wọn ò sì nílò sátẹ́láìtì kankan.

Ó ní ìyẹn dáa, àmọ́ tí àwọn méjèèjì bá ti wà nílé kan náà, ìyá òun á ní kí àwọn lọ fọ abọ́.