Aṣọ Kì í Dúdú Nínú Ìkòkò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbàgbọ́, Iṣẹ́ Rere àti Ìdàgbàsókè Onígbàgbọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, a kí yín ní orúkọ Jésù Olúwa wa.

Abẹ́òkúta la wà, kò sì sí ẹni tí kò mọ àdìrẹ Ìtòkú nínú wa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí aláró bá ri aṣọ funfun bọ inú ìkòkò aró èlú, tó sì fà á jáde, ẹ wò ó dáadáa: aṣọ náà kì í jáde ní dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń mú bọ̀, ewé tó fẹ́ẹ́ pọ́n. Ìgbà tí aláró bá tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ni ojú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí yóò di àwọ̀ aró lójú gbogbo wa. Bó bá fẹ́ kó dúdú dáadáa, yóò tún rì í, yóò tún tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ léraléra. Ẹni tó fi aṣọ sílẹ̀ nínú ìkòkò mọ́jú, tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án, kò ní rí àwọ̀ tó ń wá. Ẹni tó sì ń tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ láì rì í bọ aró, aṣọ funfun ló ń sá.

Bí ìgbàgbọ́ ṣe rí nìyẹn. Àdúrà, Bíbélì àti ìsìn ni ìkòkò aró wa. Ilé opó, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, ìsọ̀ ọjà àti ibi iṣẹ́ ni afẹ́fẹ́.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kì í fi iṣẹ́ rere ra ìgbàlà. Éfésù 2:8-9 ti yanjú èyí: oore-ọ̀fẹ́ ni, nípa ìgbàgbọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣògo. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló ń pa Bíbélì dé níbẹ̀, tí a kì í dé ẹsẹ 10, tó ní iṣẹ́ rere ni Ọlọ́run dá wa fún nínú Kristi. Àwọn kan rò pé Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù ń ta ko ara wọn. Rárá. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ra ọ̀run ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí. Ẹni tó ń fi ẹnu lásán gbàgbọ́ ni Jákọ́bù ń bá wí. Ẹ wo àpẹẹrẹ Jákọ́bù ní orí kejì: ẹnìkan kò ní aṣọ, kò ní oúnjẹ òòjọ́, a wá ní kó máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ̀ móoru, kó sì yó. Àdúrà dídùn ni. Àpò ẹni tó gbà á ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ìhìn rere kò fi ọwọ́ òfo wọ ìlú wa. Lọ́dún 1846 ni Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wá tẹ̀dó síhìn-ín, ilé ìsìn àti ẹ̀kọ́ ìwé sì jọ rìn. Lọ́dún 1859 ni Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Lọ́dún 1895 ni Fadá Jean-Marie Coquard dá ilé ìwòsàn tó wà ní Lántòrò sílẹ̀, aláìsàn sì ń rí ìtọ́jú níbẹ̀ títí dòní.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 ló yẹ kí ìgbìmọ̀ aláàánú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn tí ìjọ yàn láti máa bójú tó opó àti aláìsàn, kọ́kọ́ kà pa pọ̀. Ìjọ Jerúsálẹ́mù kún fún Ẹ̀mí Mímọ́, síbẹ̀ wọ́n ń fojú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì nínú ìpín ojoojúmọ́. Bíbélì kò sọ pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn. Ìfẹ́ wà; ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀ ni kò sí. Wọ́n wá yan ọkùnrin méje tó ní orúkọ rere, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Oúnjẹ ni ìjọ fẹ́ kí àwọn méje náà máa bójú tó, síbẹ̀ Ẹ̀mí àti ọgbọ́n ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹsẹ 7 sọ ohun tó tẹ̀ lé e: ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń gbilẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ẹ̀yìn líle. Ẹ má fi fóònù ṣe é, torí ọjọ́ tí fóònù bá sọnù, àṣírí àwọn opó ti sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fa ìlà sí i kó pín sí ọ̀nà márùn-ún: orúkọ àti àdúgbò, àwọn tó ń bá a gbélé, àìlera rẹ̀ àti oògùn tó ń lò, ohun tí a ṣe àti ọjọ́ tí a ṣe é, ohun tó kù ní ṣíṣe. Ọ̀nà karùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọ kì í ní. Ará Samáríà inú Lúùkù 10 ní in. Ó da òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́, ó gbé ọkùnrin náà dé ilé èrò, ó san dínárì méjì, tí í ṣe owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún lébìrà ìgbà náà, ó sì ní bí ohun tí wọ́n ná bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò san án nígbà tí òun bá padà. Ó ń padà bọ̀ wò ó. Tiwa, a gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá, a ya fọ́tò, ó di oṣù Kejìlá mìíràn.

Ẹ máa lọ ní méjì-méjì, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ obìnrin bó bá jẹ́ ilé opó. Tọkọtaya kan tàbí ẹni méjì kò gbọdọ̀ gbà ju ilé mẹ́rin lọ. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀wò yóò di ká yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ, kí gbogbo agboolé má bàa mọ̀ pé àánú ló dé. Mátíù 6:1-4 ni òfin wa lórí èyí.

Níbi ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹ má gbé nǹkan lọ́wọ́. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Tímótì Kìn-ín-ní orí 5 ti kọ́ wa pé àwọn opó kò rí bákan náà. Ẹni tó ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ, àwọn ni ká kọ́kọ́ lọ bá sọ̀rọ̀. Bí ìjọ bá gba iṣẹ́ wọn ṣe, a ti bá wọn dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó dá wà pátápátá, ti ìjọ ni. Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ tí owó òwò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ nìkan kọ́ ni yóò gbà á.

Fún ìyá àgbà kan tó dá gbé, a máa ń dábàá ìwọ̀n yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì: kóńgò gààrí méjì, kóńgò ìrẹsì kan, ààbọ̀ kóńgò ẹ̀wà, kóńgò èlùbọ́ kan, ìgò òróró kan, ẹja gbígbẹ, iyọ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé: èédú tàbí kẹrosíìnì. Ẹ̀wà tútù kò ṣe é jẹ. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí kò dín, ẹ wo ibi ìdáná kí ẹ tó sọ pé kò moore. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má kó bisikíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lọ fún un. Ẹ wo páálí oògùn rẹ̀, ẹ ka èyí tó kù. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, tó wá ń fi oògùn ọjọ́ kan jẹ ọjọ́ mẹ́ta kó lè pẹ́, owó oògùn ló yẹ kí ó ṣáájú ìrẹsì.

Ní ti owó òwò, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Kí ẹ tó fún obìnrin kan ní kọ́bọ̀, ẹ béèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ bóyá ó wà nínú gbèsè gbọ́mú-lé-lántà, ìyẹn owó èlé tí àwọn agbowó ń wá gbà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, owó tí ẹ fún un lọ́jọ́ Ajé, àwọn agbowó ti gbà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí, yóò sì dà bíi pé òun ló ná an ní ìnákúnàá. Ẹ kọ́kọ́ bá a san èyí tó kù, kí ẹ rí ìwé pé ó ti tán, kí ẹ tó ra ọjà fún un. Ọjà ni kí ẹ rà, ẹ má fún un lówó gbígbẹ: aláró nílò aṣọ funfun àti èròjà aró, oníṣu nílò iṣu. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ rí bó ṣe yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

Owó ìgbìmọ̀ náà ńkọ́? Ẹni tó ń mú owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Àìgbẹ́kẹ̀lé kọ́ ni. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ń kó ọrẹ lọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, ó ní kí ìjọ fi àwọn mìíràn tì í, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀bi wí sí i. Ó wà nínú Kọ́ríńtì Kejì 8:19-21.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ló ń dùn wá jù. Ẹni tó ti ń bẹ àwọn aláìsàn wò fún ọdún mẹ́ta lè di ẹni tí inú ń tètè bí. Yóò máa sọ pé, "Wọn kì í dúpẹ́." Yóò máa ka iye ilé tó lọ sétí àlùfáà. Bí ẹ bá ti gbọ́ èyí, aṣọ ti pẹ́ jù lójú oòrùn. Kì í ṣe pé ká ní kó ṣíwọ́ iṣẹ́ àánú, àmọ́ ká bá a dín ilé mẹ́rin kù sí méjì fún oṣù mẹ́ta, ká sì ní kó padà sídìí ìkòkò. Jésù pàápàá máa ń yẹra lọ sí aginjù láti gbàdúrà, Lúùkù 5:16. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì dé láti ibi iṣẹ́, ó ní kí wọ́n wá sinmi díẹ̀.

Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kà nídìí ìkòkò nìyí: Ìwé Jákọ́bù ní orí márùn-ún: ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, orí kan lójúmọ́. Lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan, kó kọ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo tí orí náà mú wá sọ́kàn rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó yan ọ̀kan nínú márùn-ún náà, kó lọ kí i. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí inú agboolé kan náà ni, Gálátíà 6:10 ti ní ká ṣoore fún gbogbo ènìyàn. Kó má fi ìsìn ṣe owó ìwọlé. Kó lọ láìmú nǹkan kan dání bí kò bá ní. Bí wọ́n bá ní kó jókòó, kó jókòó, kó gba omi tí wọ́n bá fún un, kó mu ún.